Bàbá Akáyín Ta Ìyá Ìyàwó Rẹ̀ Nítorí Ẹ̀rín

Bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ nítòsí yín bí ẹ ṣe ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i sílẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin tó ni ìtàn yìí, bó bá ti gbọ́ rédíò báyìí, ńṣe ló máa ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí.

Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun. Mo bi í pé èwo nínú orúkọ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Aláwò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé awò ojú ló ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì, yàrá dúdú kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ti máa ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò. Ẹ ó jókòó sórí àga, ẹ ó gbé àgbọ̀n lé irin, á pa iná, á wá máa bi yín ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, èyí ló mọ́lẹ̀ jù ni, àbí èyí? Ẹnu á yà yín bí ẹ bá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ nínú òkùnkùn yẹn. Wọ́n á sọ ti ọmọ, wọ́n á sọ ti ọkọ, wọ́n á sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọ̀rẹ́ rí. Aláwò á máa dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀.

Onítìjú èèyàn ni. Bí ojú mẹ́ta bá wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n rẹ̀ á lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àmọ́ bó bá ku òun nìkan, kò sí ohùn èèyàn tí kò lè sín jẹ. Ọ̀gá ilé rédíò kan tó wá ṣe awò ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń sín bàbá arúgbó kan jẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá náà ní, ọkùnrin yìí, wá máa ṣe báyìí fún wa lórí rédíò. Aláwò ní láéláé, òun kò lè gbé orúkọ òun síwájú gbogbo ìlú. Ọ̀gá bi í pé ta ló ní kó gbé orúkọ rẹ̀ wá?

Bí wọ́n ṣe bí Bàbá Akáyín nìyẹn. Ọ̀sán Ọjọ́rú, tí ṣọ́ọ̀bù máa ń tètè tì, ni wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń gbé e jáde. Aláwò á ká ètè rẹ̀ wọnú, á fi bo eyín, bàbá tí kò ní eyín kan lẹ́nu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ẹni tí kò lè kí èèyàn mẹ́ta dáadáa wá ń bá gbogbo ìlú ṣeré.

Ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ̀? Kò mọ̀. Tíṣà ni ìyàwó yẹn, irú tíṣà tó jẹ́ pé bí ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Aláwò ní kí iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, òun á sọ fún un lẹ́yìn oṣù kan. Oṣù kan pé, ó ní kó di èkejì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù ló fi ń pa àwọn olùgbọ́ lẹ́rìn-ín, bí i ti ọkùnrin tó ra férémù awò láìní gíláàsì nínú kí wọ́n lè rò pé máníjà ni. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì fura. Ṣùgbọ́n àwàdà náà ń gbẹ, ọ̀gá rédíò sì ti ń ráhùn. Ọ̀gá ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni kó máa sọ, torí kò sí ẹni tí kò nílé.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó rẹ̀ kó wá sílé wọn.

Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ọmọ rẹ̀ sì ní kò lè dá gbé. Èèyàn aláyọ̀ ni. Ó máa ń bá kẹ́tùlù jà pé kò tètè hó. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n bá ní "ẹ káalẹ́," á dá a lóhùn pé, "Káalẹ́, ọmọ mi, aṣọ yẹn kò bá ẹ mu o." Ó ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, bẹ́ẹ̀ búrẹ́dì kún inú ilé. Ó fẹ́ràn Aláwò ju bó ṣe fẹ́ràn ọmọ tó bí lọ. "Ọmọ mi" ló ń pè é. Bí tíṣà bá ń bínú sí ọkọ, ìyá yìí ló ń gbèjà àna rẹ̀.

Ni Bàbá Akáyín bá sọ ti kẹ́tùlù lórí rédíò. Ó sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ ti búrẹ́dì abẹ́ ìrọ̀rí. Ó kàn sọ pé ìyá ìyàwó òun ni, láti ìlú kan tí kò sí níbì kankan.

Ìlú gbà á bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ta ló sì ń rẹ́rìn-ín jù? Ìyá Àgbà ni. Láràárọ̀ Sátidé, òun, ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀ á jókòó yí tábìlì ká, rédíò á wà láàárín àwo. Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín títí yóò fi máa nu ojú.

"Ìyá yẹn mà ń gbádùn ayé o," ló máa ń wí. "Irú rẹ̀ ló yẹ kí n bá ṣọ̀rẹ́."

Aláwò á máa fi bọ́tà pa búrẹ́dì, á tẹjú mọ́ àwo. Mo bi í bóyá ojú tì í nígbà yẹn. Ó ní rárá, ó ní inú òun ń dùn ni, ṣebí ìyá náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, èmi tí mò ń sọ ọ́ gan-an, inú ń bí mi.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù kó wá pààrọ̀ gíláàsì awò rẹ̀. Aláwò yẹ ojú rẹ̀ wò tán, ìyá náà wá na fóònù rẹ̀ sí i nínú òkùnkùn yẹn. Ó ní fóònù náà jábọ́, àwọn lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù, kó bá òun sọ wọ́n di ńlá. Bí Aláwò ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ìyá náà ń pè ṣáá, lónìí, lánàá, níjẹta. "Baálé mi" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Baálé yẹn sì ti kú.

Ìyá Àgbà rí i pé ó ti rí i. Ó ní kó má tíì tan iná.

Ó ní lẹ́yìn ikú ọkọ òun, òun kàn máa ń pe nọ́ńbà náà lásán ni. Wọ́n á ní wọ́n ti pa fóònù náà, òun náà á gbé tòun sílẹ̀, ara á tu òun díẹ̀. Ọjọ́ kan ló pè é, tó dún. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní "Hẹ́lò?" Káfíńtà ni, wọ́n ti ta nọ́ńbà náà fún un. Ìyá Àgbà kò mọ ohun tó lè sọ, ọ̀rọ̀ tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ní gbogbo ọ̀sán ló bá jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé o ti jẹun?"

Káfíńtà ní, "Rárá, Màmá, iṣẹ́ ló pọ̀." Ni Ìyá Àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń pè é. Káfíńtà á gbé e, á ní, "Mo wà o, Màmá." Ìyá Àgbà á bi í ṣé ó ti jẹun, á sọ fún un pé orúnkún ń dun òun, á ní kó má sùn láìti fèrèsé, torí ọkọ òun kì í ti fèrèsé. Káfíńtà á ní ó ti gbọ́.

"Ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé òun kọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Orí mi pé, ọmọ mi. Àmọ́ nọ́ńbà ọkọ mi náà ni. Má sọ fún ìyàwó rẹ o. Á ní mo ti ń ṣarán, á gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Aláwò ní omi bọ́ lójú òun nínú òkùnkùn yẹn. Mo gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà fi ń dùn mí.

Nígbà tó di Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó dé ilé rédíò lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá ní àwọn olùgbọ́ ti ń dín kù, pé obìnrin kan tó ń kọ́ni ní eré ìmárale ti ń bèèrè fún àsìkò Bàbá Akáyín. Aláwò jókòó síwájú makirofóònù, ó ká ètè wọnú. Ó fẹ́ tún sọ ti kẹ́tùlù ni, ó búra fún mi. Ẹnu Bàbá Akáyín ló là, tó ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá ìyàwó mi ti ní ọkọ tuntun o. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé, àmọ́ ó ní fóònù."

Lẹ́yìn gíláàsì tó pín yàrá náà, ọ̀gá rédíò ti di inú mú fún ẹ̀rín. Bí Aláwò ṣe rí ẹ̀rín yẹn, kò lè dúró mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó fi ohùn ìyá sọ "ṣé o ti jẹun," ó fi ohùn káfíńtà sọ "mo wà o, Màmá." Kò yọ ti fèrèsé pàápàá sílẹ̀.

Ó ṣì ní àǹfààní àti pa á rẹ́ kí Sátidé tó dé. Kó kàn pe ọ̀gá rédíò ni, kó ní òun kò fẹ́ kó jáde. Ó mú fóònù, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kọ́ ló sọ ọ́, Bàbá Akáyín ni, ta ló sì mọ ilé Bàbá Akáyín? Àmọ́ ìdí tí kò fi pè, ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò: òun náà fẹ́ gbọ́ bí ìlú yóò ṣe rẹ́rìn-ín.

Sátidé dé. Tíì wà lórí tábìlì, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Bàbá Akáyín kí gbogbo ayé, ó ní ìyá ìyàwó òun ti ní ọkọ tuntun. Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí mà ti pọ̀jù.

"Ṣé o ti jẹun?" ni rédíò wí.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lókè pẹ̀lú búrẹ́dì tó ń kán tíì sílẹ̀. "Mo wà o, Màmá," ni rédíò wí. Ìyá Àgbà kò wo rédíò. Àna rẹ̀ ló wò.

Aláwò kò mọ̀ pé ẹnu òun ń mì. Ó ti ká ètè rẹ̀ wọnú láìmọ̀, ó ń bá rédíò sọ ọ́ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ láìsí ohùn. Nígbà tó gbójú sókè, ojú òun àti ti ìyá náà ṣe mẹ́rin. Ó gbìyànjú àti yọ ètè náà jáde, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Ìyá Àgbà gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá Akáyín," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Tíṣà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, kí lẹ wí?" Ìgbà náà ló wo ọkọ rẹ̀, tó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì gé. Rédíò ń sọ ti fèrèsé lọ́wọ́. Ó na ọwọ́, ó pa á.

Ó wá di dandan kí Ìyá Àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ tó bí ohun tó fẹ́ fi pamọ́ fún un. Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ṣúgà. Aláwò ti dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, àyà rẹ̀ nínú èérún búrẹ́dì. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n, pé òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ lo fi orúkọ rẹ pamọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Àwa lo ṣí aṣọ lára wa."

Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aláwò ní ì bá sàn kó ti pariwo.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sínú ilé. Kó tó di Ọjọ́ Ajé, ó ti di àṣà lẹ́nu gbogbo ìlú. Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, awakọ̀ á bi yín ṣé ẹ ti jẹun. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín lórí fóònù, á ní, "Mo wà o, Màmá." Ìyá Àgbà lọ ra òwú, ẹni tó ń tà á sọ ọ́ sí i lójú, tẹ̀ríntẹ̀rín, láìmọ ẹni tó ń bá sọ ọ́. Ìyá náà padà sílé láìra òwú, ó kó ẹrù, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Ohun tó burú jù ni pé káfíńtà náà gbọ́ rédíò. Ìyá Àgbà ń pè é, ó ń dún, kò sì sẹ́ni tó ń gbé e. Ọkùnrin náà rò pé ìyá yẹn ló fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Aláwò tètè lọ bá ọ̀gá rédíò. Ó ní òun fẹ́ fi orúkọ tí bàbá òun sọ òun tọrọ ìdáríjì lórí rédíò, kí Bàbá Akáyín sì kú. Ọ̀gá fi sùúrù wò ó.

"Ta ló mọ orúkọ tí bàbá rẹ sọ ẹ́?" ó ní. "Bàbá Akáyín ni wọ́n mọ̀. Ilé rédíò ló sì ni ín."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Akáyín tún sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ni, ètè ẹlòmíì, ó sì ń pariwo "ṣé o ti jẹun" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aláwò jókòó sílé, kò lè pa ohun tó bí.

Ó wá ku káfíńtà. Aláwò ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ láti ọjọ́ tó tún fóònù ṣe. Ó fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó sọ ẹni tóun jẹ́, wọ́n sì pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, láàárín pákó àti ìyẹ̀fun ayùn. Ọ̀dọ́kùnrin náà bọ̀wọ̀ fún un, ó gbé àga fún un. Ìyẹn gan-an ló dun Aláwò. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé pé ìyá náà kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà, pé òun lòun ṣe gbogbo rẹ̀. Kó jọ̀ọ́ máa gbé ìpè rẹ̀.

Káfíńtà ní òun ti gbọ́, ọkàn òun sì ti fúyẹ́ sí ìyá náà. Ṣùgbọ́n bí fóònù yẹn bá ti dún, gbogbo àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ á gbé ayùn sílẹ̀, wọ́n á pariwo. Òun kò lè bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣẹ̀sín.

"Ẹ má rò pé mò ń ṣe é lóore, ọ̀gá," ó ní. "Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun."

Ó ṣí ẹ̀yìn fóònù, ó yọ síìmù náà, ó fi lé Aláwò lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbà. Ẹ̀yin lẹ mọ ohùn èèyàn í ṣe."

Aláwò fi síìmù yẹn sínú fóònù àtijọ́ kan, ó ń gbé e kiri nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà ṣì wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún un kò kọjá pé iyọ̀ ti tán. Bó bá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ọkọ rẹ̀ bá wọlé, á dákẹ́. Nínú yàrá dúdú náà, Aláwò fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má sọ nǹkan kan fún òun ju lẹ́tà ara ògiri lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò sẹ́ni kankan nínú ṣọ́ọ̀bù, fóònù àtijọ́ náà dún.

Ó sọ fún mi pé òun ti múra sílẹ̀. Ó ti fi ohùn káfíńtà yẹn dánra wò títí kò fi sí ìyàtọ̀ mọ́. Kó kàn ti ní "mo wà o, Màmá" ni, inú ìyá náà á dùn, kò sì ní í sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wọ yàrá dúdú, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìpè náà.

"Ṣé o ti jẹun?" ni Ìyá Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Aláwò la ẹnu. Ó ní ojú ti òun. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là, ohùn ara rẹ̀ ló sì jáde, ohùn jákujàku tí kì í lè bá èèyàn mẹ́ta sọ̀rọ̀.

"Mà, èmi ni," ó ní. "Èmi ọmọ yín ni."

Ó gbọ́ kẹ́tùlù tó ń hó lẹ́yìn ìyá náà, tí ẹnikẹ́ni kò bá jà.

"Ọkọ mi ni mo pè," ni Ìyá Àgbà wí. "Gbé e fún un."

Aláwò mú fóònù náà dání nínú òkùnkùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyá Àgbà kò gé ìpè náà. Ó ń dúró kó gbé e fún un.